Pákó Tí Bàbá Àgbà Máa Ń Fà Wọlé

Fóònù Bàbá àgbà ṣì wà lórí ìṣó tó máa ń fi í kọ́ nínú ìsọ̀. Inú ọ̀rá ló wà kí omi má baà kàn án, okùn àwọ̀n ló sì fi so ẹnu ọ̀rá náà. Láti ìgbà tí a ti sin ín, èmi ni mò ń fi iná sí i. Ìyàwó mi béèrè pé kí ni mò ń tọ́jú fóònù òkú fún. Mo ní kì í ṣe gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ti gbọ́.

Òótọ́ ni mo sọ. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan pè láti Ode Mahin. Mo tú ọ̀rá, mo gbé fóònù sí etí. Onítọ̀hún kò kí mi, ó kàn ní, "Káfíńtà, ọkọ̀ mi ti tún ń mu omi o."

Mo ní kì í ṣe Káfíńtà ló ń sọ̀rọ̀, Káfíńtà ti kú.

Mò ń gbọ́ omi lọ́dọ̀ tirẹ̀, mò ń gbọ́ omi lọ́dọ̀ tèmi. Ó bi mí pé ìwọ ta ni. Mo ní ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Ó wá ní, "Ọkùnrin yẹn ti ń tún ọkọ̀ mi ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú. Ṣé Káfíńtà bímọ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Mi ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí mi ò sí níbẹ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì gbà pé ó ti dópin. Bí omi bá kún lọ́sàn-án, tí àwọn ọkọ̀ tí a so mọ́ ìsọ̀ bá ń kan òpó, ìró tó ń jáde dà bí ìró ọwọ́ rẹ̀ lára pákó. Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin, á gbójú sókè nídìí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, á ní, "Bàbá àgbà ń ṣiṣẹ́." Mo máa ń sọ fún un pé omi ni. Mo máa ń sọ fún ara mi náà.

Èmi ni mo jogún ìsọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá àgbà ni mo dàgbà sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú dí ojú pákó, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ̀dà. Ohun tí mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe ni èyí tó kù, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ó sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé inú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe ni ọmọ mi ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé lójoojúmọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa kò lè mọ Bàbá àgbà. Orí òpó ni ilé náà wà, lójú omi, bíi ti gbogbo ará àdúgbò wa ní apá Zion Pepe. Ìsọ̀ náà wà lórí òpó tirẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilé, omi sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Pákó kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Pákó náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan lọ díẹ̀, kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ méjì. Wọn ò kàn án mọ́ ohunkóhun. Bí Bàbá àgbà bá parí iṣẹ́, á ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, á fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, á gba orí pákó wá sílé, á bẹ̀rẹ̀, á sì fa pákó náà wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò kí wa. Kò kí ẹnikẹ́ni rí kí pákó tó wọlé.

Fìlà méjì ló ní. Ti iṣẹ́ kì í wọ ilé, ti ilé kì í dé ìsọ̀. Ife omi méjì. Àpótí ìjókòó méjì. Fóònù kan ṣoṣo ló ní ní tirẹ̀, ìsọ̀ ni fóònù náà sì ń gbé. Ó máa ń dún nírọ̀lẹ́ nígbà tí a bá ń jẹun, a ó máa gbọ́ ọ kọjá omi, ìyá àgbà á wò ó, èmi náà á wò ó. Á bu òkèlè míràn. "Ẹ jẹ́ kó dún," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ìsọ̀ ló ń pè."

Orúkọ náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bàbá àgbà ni nílé, Káfíńtà ni ní ìsọ̀. Bí oníbàárà kan bá wa ọkọ̀ wá sí àtẹ̀gùn ilé nígbà tó bá wálé jẹun ọ̀sán, tó ké pé, "Káfíńtà wà nílé?", Bàbá àgbà fúnra rẹ̀, tó jókòó lójú fèrèsé tí onítọ̀hún ń rí i kedere, ni yóò dáhùn. Á ní, "Káfíńtà kò sí nílé. Ó wà ní ìsọ̀."

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín, á ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀. Bàbá àgbà á wá dìde, á tẹ́ pákó, á kọjá, á dé fìlà, á sì ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu omi," bí ẹni pé kò tíì fojú kàn án láti àná. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé orí rẹ̀ dà rú. Olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè wá jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ fèrèsé wa títí oòrùn fi gbóná, ó ń bá a jiyàn pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà mà nìyí, mo ń rí yín!" Bàbá àgbà ní, "Ohun tí o rí ni ẹni tó ń jẹun."

Nígbà ayé ìyá àgbà, òun nìkan ló gbójú gbóyà dán an wò. Bí inú bá bí i, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Káfíńtà, oúnjẹ yín ti délẹ̀ o." Bàbá àgbà kò ní dáhùn. Ebi á máa pa á, òkèlè púpurù á máa tutù, kò ní yíjú. Ìgbà tí ìyá àgbà bá pè é ní Bàbá Fúnmi, ìyẹn orúkọ ìyá mi, ló tó máa wẹ ọwọ́.

Ìjà wọn tó le jù lórí oúnjẹ náà ni. Ìyá àgbà fẹ́ máa ta púpurù àti ẹja yíyan fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wọn.

"Bàbá Fúnmi, ebi ń pa àwọn èèyàn yẹn. Ṣebí pákó yìí ni mo máa gbà kọjá."

"Ebi tó ń pa wọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tèmi."

"Ṣé irin ni Ọlọ́run fi ṣe ọkàn yín ni?"

"Pákó ni. Irin máa ń dípẹtà."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn aya káfíńtà ní Mahintedo ń tà á, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú Bàbá àgbà yí padà. Mo wà níbẹ̀, mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí i. Ó rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ má bọ́ ẹni tí mò ń tún ọkọ̀ ṣe fún. Mo bẹ̀ ọ́."

Mi ò gbọ́ kó bẹ ìyá àgbà nítorí ohun mìíràn rí.

Ẹ̀bùn pàápàá ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Apẹja kan tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un gbé òbòkún ńlá kan wá sí àtẹ̀gùn ilé nígbà tí Bàbá àgbà kò sí níbẹ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo gbé e fún ìyá àgbà, ó sì ti gé e sínú ìkòkò kí bàbá tó dé. Bàbá àgbà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bi wá pé níbo ló ti wá. Nígbà tí mo sọ, kò bínú. Ó gbé ìkòkò náà bó ṣe ń hó, ó fi aṣọ di ìdí rẹ̀ mú, ó sì rìn lórí pákó yẹn pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná lọ́wọ́, ìyá àgbà ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé yóò já sómi. Ó ránṣẹ́ pe apẹja náà. Àwọn méjèèjì jókòó sáàárín èérún igi, wọ́n jẹ ẹja náà tán, wọ́n sì mu omi nínú ife ìsọ̀. Mo dúró ní ìhà tiwa, itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ó gbójú wò mí láti òdìkejì, ó ní, "Ẹja ìsọ̀, ìsọ̀ la ti ń jẹ ẹ́."

Bó ṣe ń wo ọkọ̀ aláìsàn, mi ò rí káfíńtà míràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kọ́kọ́ fojú wò ó. Á dojú ọkọ̀ náà bolẹ̀, á tẹ eékún, á fi ìkúùkù kan ìdí ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, á máa tẹ́tí. Pákó tó yè máa ń dáhùn ganran. Èyí tó ti ń rà nínú máa ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, á kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé, "Lọ dúró lẹ́yìn mi." Kò sí ẹni tó tóbi ju ìyẹn lọ. Wòlíì ìjọ wa, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ epo tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lójú ọ̀nà náà lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé nítorí kí èérún má baà wọ̀ wọ́n lójú ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bi í. Ó ní, "Bí mo bá ń rí ojú ẹ̀, mi ò ní gbọ́ pákó."

Ohun kan tún wà nínú ìsọ̀ tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kàn. Ní òkè, láàárín igi àjà, ó kó pákó oríṣiríṣi sí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ya bí eyín ayùn, iyọ̀ òkun sì ti sọ ọ́ di funfun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ayùn dì mú, mo fà á sílẹ̀ láti fi kan ọkọ̀ ìṣeré. Bàbá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ìkókó. Ó nù ún. Ó dá a padà sókè, kò sì bá mi wí. Ó kàn ní, "Ìyẹn ti ní ẹni tó ni ín."

Mi ò béèrè pé ta ló ni ín. Ọmọ kì í béèrè gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà mo máa ń rí i tó ń gbójú sókè wò ó nígbà tó bá ń tẹ́tí sí ìdí ọkọ̀, bí ẹni tó ń retí kí ìyẹn náà dá sí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá a jókòó sílé, àwọn oníbàárà fẹ́ wá kí i. Mo jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ta ni èmi tí màá ní kí ẹni tó wá kí aláìsàn padà? Bàbá àgbà wò wọ́n, kò mọ̀ wọ́n. Apẹja tí wọ́n jọ jẹ òbòkún yẹn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, Bàbá àgbà sì ń bi mí pé, "Ta lèyí? Kí ló ń ṣe é?"

A rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ. Ní ọjọ́ kejì ó ní kí n gbé òun dé ìsọ̀. Mo pọ̀n ọ́n kọjá lórí pákó yẹn. Ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí mo gbé Ìbùkún ní ìkókó kọjá níbẹ̀ láti lọ fi í hàn án. Mo gbé e jókòó sórí àpótí, mo dé fìlà iṣẹ́ fún un. Kò pẹ́ tí apẹja náà tún fi wa ọkọ̀ dé láti bi wá bó ṣe jí. Bàbá àgbà wo ọkọ̀ kó tó wo èèyàn, ojú rẹ̀ là. "Há, ìwọ nìyí! Pákó ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn ńkọ́, ṣé kò jo mọ́?"

Apẹja náà ní kò jo, Káfíńtà, kò jo rárá.

"Ó dáa. O ò wá kí mi láti ọjọ́ yìí."

Ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wọ ilé wa pọ̀. Wọ́n rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó dé ìlú tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ń wo ife rẹ̀, wọ́n ń wo fọ́tò ìgbéyàwó ìyá mi lára ògiri. Nígbà tó tó àkókò láti gbé pósí lọ sí ilẹ̀ líle níbi tí a ti ń sin òkú, ọ̀rẹ́ mi Ọmọ́lérè ló yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni, òun náà ló fi ń gbé àwọn ọmọ àdúgbò lọ sí ilé ìwé ní òdìkejì omi. Orí ìjókòó tí Ìbùkún máa ń jókòó sí ni a gbé Bàbá àgbà lé. Mi ò fẹ́ràn ohun tí ojú mi rí yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń lọ, láti ilé sí ìsọ̀, láti ìsọ̀ sí ilé, gbogbo wọn lórí pákó kan ṣoṣo yẹn. Ìbùkún ń sáré lórí rẹ̀. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ṣa pákó méjì tó nípọn, mo wọ̀n wọ́n, mo gé wọn, mo sì kó ìṣó sẹ́nu láti kàn wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ kó lè di afárá gidi, pẹ̀lú igi ìdìmú. Ìyá mi, tó ti ń gbé Òkìtìpupa láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì wá fún ìsìnkú, jáde wá bá mi.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo ní afárá ni, kí Ìbùkún má baà já sómi.

"Ìbùkún mọ̀ ọ́n wẹ̀. Má kàn án."

"Ìyá mi, ẹ ò rí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó?"

"Mo rí i. Mo sì rí èyí tó wà níbẹ̀ kí o tó mọ ìrìn. Ó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè jọ rìn lórí ẹ̀ kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ. Bàbá mi àti bàbá rẹ."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé òkun ló gba bàbá mi. Kò sí ilé tí òkun kò tíì gba èèyàn lọ́wọ́ wọn lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mi ò wádìí.

Oníbàárà ni bàbá mi kó tó di àna. Ó gbé ọkọ̀ wá sí ìsọ̀, ó rìn kọjá lórí afárá láti gba omi mu, ó sì rí ìyá mi. Lẹ́yìn ìgbéyàwó kò so ọkọ̀ mọ́ ìsọ̀ mọ́, àtẹ̀gùn ilé ló ń so ó mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nínú èérún igi wá di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí ọbẹ̀.

"Àsìkò edé ni," ìyá mi wí. "Gbogbo èèyàn ń lọ sókun, ara bàbá rẹ kò balẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, 'Bàbá, ẹ ṣáà bá mi fi ọ̀dà kun ìdí ẹ̀. Tí mo bá dé, màá gbé e wá dáadáa.' Bàbá mi ti fi ìkúùkù kan ìdí ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ nígbà tó ń kọjá. Ó ti gbọ́ ọ. Mo rí i tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bu ọbẹ̀, ìwọ wà lẹ́yìn mi, bàbá rẹ ń fi ìka fà ọ́ létí, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pa ẹnu dé. Ó tún là á, ó ní, 'Ó máa gbé ọ dé.'"

Ẹnu òkun ni ọkọ̀ náà ti là. A kò rí òkú rẹ̀. Omi gbé pákó kan padà, wọ́n sì gbé e wá fún ẹni tó kan ọkọ̀ náà.

Mi ò gbójú sókè wo àjà ìsọ̀. Mi ò nílò rẹ̀.

Ìyá mi ní nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ìrántí tán, Bàbá àgbà mú irin ìfàṣó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú afárá náà lọ́sàn-án gangan, pákó kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn èèyàn dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wò ó. Ó ń ju pákó kọ̀ọ̀kan sómi, omi sì ń fà wọ́n lọ sójú òkun. Ó ku ẹyọ kan, ó fi sílẹ̀. Wòlíì ló sún mọ́ ọn láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya ara rẹ̀ kúrò láàárín èèyàn. Bàbá àgbà dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá ti bá mi jẹun nílé, ojú ẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò lè wo ìdí ọkọ̀ ẹ̀ mọ́."

Ìṣó wà lẹ́nu mi ní gbogbo ìgbà tí ìyá mi ń sọ̀rọ̀. Mo yọ wọ́n, mo kó wọn sápò. Mi ò kan afárá náà. Ṣùgbọ́n mi ò fa pákó wọlé pẹ̀lú. Àwọn èèyàn ṣì ń wá, ó sì dà bí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ láti fà á.

Ẹni tó ń wá jù ni Ọmọ́lérè. A jọ dàgbà ni. Bó bá ti gbé àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé, á so ọkọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn ilé, á gbé Ìbùkún sókè fún mi, á bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lọ́rùn rẹ̀, á wọlé, á jẹun. Ó máa ń pa Ìbùkún lẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní ọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀fọ̀ pa wá. Òótọ́ ni.

Ó ń jẹun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ló ní, "Ọ̀rẹ́, bá mi fi ọ̀dà díẹ̀ kun ìdí ọkọ̀ yẹn lópin ọ̀sẹ̀. Ó ti ń rọ omi sí àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀."

"Kò burú" ti wà lórí ahọ́n mi. Omi ń kún lábẹ́ ilé. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ Ọmọ́lérè, ó fi kan òpó. Mo gbọ́ ọ. Ó tún kàn án. Kò dún ganran. Ó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ.

Mo wo Ìbùkún. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́lérè, ó ń yọ egungun ẹja nínú àwo rẹ̀. Mo wẹ ọwọ́.

"Jẹ́ ká lọ sí ìsọ̀."

"Ìsọ̀ ṣe jẹ́? Ṣebí ibí la wà? Jẹ́ kí n jẹun tán jàre."

"Gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti di Bàbá àgbà." Ṣùgbọ́n ó lọ. Mo gba orí pákó, mo mú fìlà iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dé e. Òógùn orí Bàbá àgbà ṣì wà nínú rẹ̀. A yọ ẹ́ńjìnnì, a dojú ọkọ̀ bolẹ̀, mo sì ní, "Lọ dúró lẹ́yìn mi."

Mo kàn án láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Lábẹ́ ìjókòó àárín, ní ibi tí a gbé pósí sí, mo fi ọ̀bẹ tì í. Ọ̀bẹ wọlé bí ẹni fi í sínú púpurù.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà," mo wí láìbojú wẹ̀yìn. "Ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé ọmọ mọ́ títí màá fi pààrọ̀ ìdí ẹ̀."

"Kí àwọn ọmọ wá máa wẹ̀ lọ sílé ìwé? Ó ti ń gbé wọn látọjọ́ yìí. Ọmọ tìẹ náà wà níbẹ̀. Ṣé mo lè fi ọmọ rẹ ṣeré ni?"

"O ò lè fi í ṣeré. Ọkọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n."

"Yíjú sí mi nígbà tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀! Ṣé oníbàárà ni mí ni? Inú ọkọ̀ yìí kan náà la ti gbé Bàbá àgbà lọ sin! Ṣé ó rì?"

Mo fẹ́ yíjú. Gbogbo ọrùn mi fẹ́ yíjú. Mo mọ ojú tí màá rí, ojú ẹni tó gbé mi dìde ní etí sàréè. Mo mọ̀ pé bí mo bá rí i, màá ní kó gbé ọ̀dà wá.

Ó ní kò burú, òun á gbé e lọ bá káfíńtà mìíràn, kò sí ibi tí wọn kì í ti í kun ọ̀dà. Mo na ọwọ́ sí irin ìfàṣó. Mo fi há abẹ́ pákó tó rà náà, mo fà. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ihò ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi, débi pé mo rí ilẹ̀ ìsọ̀ láti inú rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ó mí. Mo gbọ́ tí ó pe ẹni tó ń kọjá pé kó gbé òun. Ìgbà tí mo yíjú, kò sí ẹnì kankan.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sí ilé ìwé, wọ́n ń pẹ́ dé, àwọn òbí sì ń kùn sí mi. Ìyàwó Ọmọ́lérè fi àwo tí a fi bu ọbẹ̀ fún wọn ránṣẹ́ padà, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi gbé e dání títí, ó ní, "Ṣé bí a ó ṣe máa gbé nìyí?" Mi ò dáhùn. Mo ti rántí pé ìyá àgbà bi Bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ rí, mo sì rántí pé òun náà kò dáhùn.

Mo kan ìdí tuntun sí ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo fi fìlà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, mo gba orí pákó wá sílé, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì fà á wọlé. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dúró tí i díẹ̀ kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sí i. Láàárọ̀ kan, Ìbùkún ń wọ aṣọ ilé ìwé, mò ń yẹ okùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, nígbà tí mo gbọ́ ìró lára òpó. Mo ní omi ni. Ó tún dún, ohùn sì tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé, ohùn Ọmọ́lérè, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi.

"Káfíńtà wà nílé?"

Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá àgbà, mo dúró, bí ẹni pé ó tọ́ kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ dáhùn. Kò sí ẹni tó jáde. Mo bá dìde. Mo gbé pákó, mo tẹ́ ẹ, mo kọjá láìsọ̀rọ̀, mo sì na ọwọ́ sí fìlà. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ Ìbùkún lójú fèrèsé, ó ń fi ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ dá onítọ̀hún lóhùn.

"Káfíńtà kò sí nílé. Ó wà ní ìsọ̀."